Yàrá Tí Kò Sí Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ pé inú tètè máa ń bí mi. Àwọn tí a jọ ń kọ kóòdù n'Íbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ètò ìpàdé wa ọdọọdún lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lè jágbe mọ́ ẹni tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ni iṣẹ́ náà yẹ. Lọ́dún yìí, gbọ̀ngàn tí à ń lò tẹ́lẹ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìtùnúolúwa ló bá mi bẹ ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù àti Séráfù kan ní Ìrókò, ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń kọrin títí ọlọ́jọ́ fi dé, pé kí wọ́n gbà wá sí ọgbà wọn.

Èmi ni mo kọ́ Ìtùnú níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí àbúrò ló sì ṣe jẹ́ sí mi. Ìyá rẹ̀, Màmá Mojíbọ́lá, kò ríran mọ́ nígbà tí ọjọ́ ń lọ. Nítorí wọn ni Ìtùnú ṣe bẹ̀rẹ̀ áàpù kan: èèyàn á gbé fóònù sókè ìwé Yorùbá, fóònù á sì kà á jáde. Ohùn màmá náà ló fi ṣe é. Nírọ̀lẹ́, Ìtùnú á máa dárúkọ ọ̀rọ̀, màmá á máa pè é sínú fóònù tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì pe gbogbo ọ̀rọ̀ tán tí màmá fi lọ. Nítorí náà, bí fóònù bá ń kàwé lọ, tó bá dé ibi ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè, á dákẹ́ díẹ̀, á fò ó, á máa bá ìyókù lọ. Mo ti sọ fún un títí pé kó fi ohùn mi dí àwọn àlàfo yẹn.

"Mi ò ní fi ohùn àlejò sí màámi lẹ́nu," ló máa ń fún mi lésì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Àǹtí Gbọ́njú, tẹ́nikẹ́ni ò bá wá síbi ìjókòó mi lónìí, màá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ohùn màámi ń já láàárín ọ̀nà. Ó ń dùn mí jù."

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Mo wo ojú rẹ̀, mo lọ jágbe mọ́ ẹni tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀.

Ẹ gbọ́, ìpàdé wa kò jọ ti àwọn ẹlòmíràn. Òwúrọ̀ nìkan là ń pe àwọn olùbánisọ̀rọ̀. Tó bá di ọ̀sán, àwọn tó wá gan-an ló ni ìpàdé. Ẹni tó bá ní nǹkan sọ á kọ ọ́ sórí ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á sì mú yàrá kan àti wákàtí kan. Bí ọ̀rọ̀ ibi tó o jókòó sí ò bá wúlò fún ọ, dìde, gba yàrá mìíràn lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú. Ẹni tó bá wá ni ẹni tó yẹ kó wá, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Òfin wa ò ju ìyẹn lọ.

Bàbá Lazarus, alàgbà tó ń mójú tó ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wá fi tiwọn kún un. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà o. Kò sí yàrá tí a kì í gbàdúrà nínú ẹ̀ níbí."

Ẹ ò bá wá wo àwọn ọ̀mọ̀wé kóòdù bí wọ́n ṣe ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn kiri! Sanmí, tó ń bá àwọn ará òkè òkun ṣiṣẹ́, tí kì í fi ìyẹn jẹ́ ká gbádùn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ẹni ń yọjú wo àlejò. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ bàtà di àmì. Ẹni tó bá ń wá ibi tó dùn kì í ṣílẹ̀kùn wò mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ibi tí bàtà bá pọ̀ sí ni wọ́n ń rọ́ lọ.

Gbogbo ìwé tó wà lára ògiri ló jẹ́ èdè Òyìnbó. Ti Ìtùnú nìkan ni Yorùbá: Fóònù tó ń kàwé fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Yàrá àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ló bọ́ sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá.

Nígbà tó yá, mo jáde láti yí ọgbà ká. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà Sanmí débi pé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo gba ẹ̀yìn lọ. Ìtùnú dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó di fóònù mú, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀.

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

"Ẹ wo ẹnu ọ̀nà, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó wá." Ìka rẹ̀ ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é nígbà tí ọkàn mi ṣì le."

Inú bí mi, kì í ṣe sí òun, bí kò ṣe sí gbogbo àwọn tó kún ọ̀dọ̀ Sanmí. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tó o bá máa pa á rẹ́, o ò ní pa á rẹ́ nídùúró lábẹ́ igi. Wọ yàrá tí wọ́n fún ọ, jókòó, kó o gbọ́ ohùn ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo bọ́ bàtà mi, mo ṣí ilẹ̀kùn.

Yàrá náà kún. Àwọn ìyá àti bàbá ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, nínú sùtàná funfun, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n dákẹ́ bí ẹni wà nínú ìsìn. Wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtàná. Láti ilé ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ lásán wá, wọ́n sì ti wọlé kí Ìtùnú tó dé abẹ́ igi.

"A ti ń retí yín," ni Bàbá Lazarus wí. "Nínú gbogbo ìwé ara ògiri, tiyín nìkan la lè kà. Màmá Fẹ̀yìntọlá yìí ní ká mú àwọn wá."

Màmá Fẹ̀yìntọlá àti Màmá Mojíbọ́lá ló jọ máa ń dúró pọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ojú Màmá Fẹ̀yìntọlá náà ti ń ṣú báyìí. Ìtùnú kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Ẹ káàsán, mà. Ìtùnú ni."

"Ọmọ Mojí! Sún mọ́ mi." Màmá fọwọ́ pa á lójú, wọ́n fọwọ́ pa á létí, lẹ́yìn náà wọ́n fa ìwé kan yọ nínú àpò. "Wọ́n fún mi ní èyí lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ìtùnú wò mí. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, ó sì gbé e sókè ìwé náà.

"Ìkórè ọdún yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀." Ohùn Màmá Mojíbọ́lá ni, ohùn tó rọ̀, tó máa ń fà díẹ̀ ní ìparí.

Màmá Fẹ̀yìntọlá di etí bẹ́ǹṣì mú. "Mojí," wọ́n pè é jẹ́ẹ́.

"Kí oníkálukú mú iṣu, àgbàdo àti," ni fóònù wí, ó sì dákẹ́.

Ìtùnú dijú. "Ibi tó ti máa ń já nìyẹn, mà. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀gẹ́," ni Màmá Fẹ̀yìntọlá wí. Kì í ṣe Ìtùnú ni wọ́n ń dá lóhùn, fóònù ni, bí ìgbà tí akọrin bá ń ran ẹnì kejì rẹ̀ létí. "Ẹ̀gẹ́ ni, Mojí. Ọdọọdún la máa ń mú un wá."

"Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago," fóònù ń bá a lọ, ó tún dákẹ́.

"Mẹ́sàn-án!" ni gbogbo yàrá wí pa pọ̀, ẹ̀rín sì bú yọ, àti ẹkún. Èmi tí mò ń jágbe kiri yìí, omi kún ojú mi, mi ò sì nù ún. Sanmí rí bàtà mi níta, ó wọlé wá mi, òun náà ò jáde mọ́.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, Ìtùnú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi pe ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀?"

"Mojí ò ní bínú?"

"Wọn ò ní bínú, mà."

"Ó dáa. Kó máa mú iṣu wá, èmi á máa gbé ẹ̀gẹ́." Màmá wúkọ́ díẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n pè é. Bàbá Lazarus pe mẹ́sàn-án.

Ìtùnú tún gbé fóònù sókè ìwé náà. Fóònù kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì já.