Ọ̀rẹ́ Tó Ń Bá Ọlátẹ́jú Ṣàìsàn

Inú ìsọ̀ Ọlátẹ́jú ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn náà sí, ilé ìwòsàn sì tóbi ju ìsọ̀ lọ. Káfíńtà ni Ọlátẹ́jú, bẹ́ẹ̀dì ni ó sì mọ̀ ọ́n kàn jù ní gbogbo ìgboro Ìsẹ́yìn, nítorí náà kò yà á lẹ́nu pé ibi tí ó máa ń to pákó sí ni àwọn aláìsàn tò sí. Ìyẹ̀fun pákó ń rọ̀ láti òkè, ó ń bà lé gbogbo ènìyàn lórí jẹ́jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó gbọ̀n ọ́n nù. Oòrùn gba ojú fèrèsé kan wọlé, fèrèsé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Inú Ọlátẹ́jú dùn láti wà níbẹ̀. Ohun tí ó gbé e wá nìkan ni kò dùn mọ́ ọn. Láti bí ọdún kan ni ohun ọkùnrin rẹ̀ kò ti dìde mọ́. Orí àga ní pálọ̀ ni ó ń sùn, ó ń sọ fún Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù ni òun ń wò, bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wọn ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò. Ìbídùn kò bá a jà. Ó kàn ń dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ti ń gba àyè nínú ilé ju àga lọ. Bí Ọlátẹ́jú kò bá rí ìtọ́jú gbà lọ́jọ́ yẹn, Ìbídùn yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún un, ó ṣáà mọ̀ ọ́n, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ nǹkan ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Dókítà jáde sí i. Obìnrin ni, ó ga kan àjà, ó sì ní láti tẹ̀ba kí ó tó lè rí ojú aláìsàn. "Ẹ káàbọ̀, sà," ni ó wí. "Kí ló ń ṣe yín?"

Láti ilé ni Ọlátẹ́jú ti kọ́ ohun tí yóò sọ. Ó ti sọ ọ́ fún pákó, ó ti sọ ọ́ fún ìṣó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Kì í ṣe èmi o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ojú ń tì í ló ṣe ní kí n bá òun wá."

"Kí lorúkọ ọ̀rẹ́ yín?"

"Súnmọ́nù," ni Ọlátẹ́jú wí. Kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló ń ṣe Súnmọ́nù?"

"Jẹ̀dí ni. Ṣúgà ló jẹ ní àjẹjù. Jẹ̀dí sì ti mú un níbi tí kò dáa."

Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì mi orí lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ̀dí ni, ni wọ́n ń wí, jẹ̀dí náà ló mú ọ̀rẹ́ tiwọn. Páálí ṣúgà kan wà láàárín wọn tí òun náà ń dúró de dókítà. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tí nǹkan bá dẹ̀ mọ́ lára, àwa ni. Ọlátẹ́jú, ìgbà wo la wọ ilé rẹ gbẹ̀yìn? Ṣé ara rẹ ti wá le?"

Òótọ́ ni ṣúgà sọ. Láti ọjọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́ ni Ọlátẹ́jú ti lé ṣúgà kúrò nílé. Ojú kíkorò làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń mu ògì. Òun fúnra rẹ̀ ń mu àgbo jẹ̀dí láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì rí èrè kankan lára àgbo náà ju pé ó mọ ọ̀nà ilé ìgbẹ́ dunjú. Ó gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. "Súnmọ́nù ni mò ń sọ," ni ó wí fún ṣúgà.

Ilẹ̀kùn ṣí, Súnmọ́nù sì wọlé. Agbádá tí Ọlátẹ́jú fi gbéyàwó ni ó wọ̀. Ojú Ọlátẹ́jú gan-an ni ó ní, àfi pé ojú náà dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí wọ́n sì sá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó kí àwọn yòókù, ó kí páálí ṣúgà náà, lẹ́yìn náà ni ó wá jókòó ti Ọlátẹ́jú.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ bò mí láṣìírí."

Ohùn rẹ̀ tutù. Ọlátẹ́jú fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí sì bí i nínú díẹ̀.

Dókítà ká apá agbádá náà sókè, ó fa ẹ̀jẹ̀ Súnmọ́nù sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e sójú oòrùn. Ọ̀nà tóóró kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n ru ẹrù sì sùn káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Họ́mónù nìwọ̀nyí," ni dókítà wí. "Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Orí ló ń rán wọn sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á jẹ́ ìpè. Nígbà tí wọ́n bá sùn sójú ọ̀nà, orí á máa pè títí, kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn." Ó gún Súnmọ́nù ní abẹ́rẹ́. Ó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè àlàáfíà ìdílé rẹ̀. Dókítà ní kí ó máa rìn káàkiri láàárọ̀, kí ó máa sùn dáadáa, kí ó sì gbé àgbo tì ná. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ara Súnmọ́nù ń yọ̀. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọlátẹ́jú fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ó dẹ̀ bí ti àná.

Bẹ́ńṣì tí ó jókòó lé di ẹní. Ilé bàbá rẹ̀ ló wà báyìí, ní yàrá tí ó kọjú sí ìdí ọsàn, bàbá rẹ̀ sì jókòó níbẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti kú, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ sínú ikú dáadáa. Ọkùnrin arúgbó kan tí Ọlátẹ́jú kò rí rí jókòó tì í, ó dé fìlà bàbá náà.

"Àkànmú," ni bàbá rẹ̀ pè é, "kí Lájídé. Ọ̀rẹ́ tèmi nìyẹn."

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ni Ọlátẹ́jú wí. "Bàbá, n ò mọ̀ wọ́n rí."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ ni mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń mu àgbo, òun ló ń sín gbẹ́rẹ́. Ara ẹ̀ le koko. Èmi ni mo sùn sí pálọ̀ títí mo fi kú. Ìyá rẹ rò pé mo lóbìnrin ní Ṣakí ni."

Ọlátẹ́jú rántí. Ooru ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ó lé òun jáde sí pálọ̀, nígbà ọyẹ́ pàápàá. Àánú bàbá náà ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé ó gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a gé èékánná tó kù. Èékánná náà ń já bọ́ sílẹ̀, ó ń di ẹ̀kùrọ́.

Láti ìta ni wọ́n ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó wúwo. Bẹ́ẹ̀dì ilé Ọlátẹ́jú ló ń bọ̀, bẹ́ẹ̀dì onípákó mọ̀gánnì tí ó kàn fún ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ìbídùn jókòó sórí rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Àwọn ọkùnrin dìde fún bẹ́ẹ̀dì náà. Yàrá sì ti padà di ilé ìwòsàn, bàbá àti Lájídé sì wà lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn yòókù.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà," ni Ìbídùn wí. "Mo wá mú ọkọ mi lọ sílé. Wọ́n ní ó wà níbí."

"Ẹni tó gba ìtọ́jú ló ń lọ sílé, mà," ni dókítà wí. "Ẹni tó sì sọ àìsàn rẹ̀ la máa ń tọ́jú."

Súnmọ́nù tún agbádá ṣe sí èjìká, ó na ọwọ́ sí Ìbídùn. Ìbídùn wo ojú rẹ̀, ó wo ojú Ọlátẹ́jú, ó tún wo ti Súnmọ́nù. Kò tíì mọ èyí tí yóò mú. Bẹ́ẹ̀dì ní, "Èmi mọ ẹni tó kàn mí o, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí sí i."

Ọlátẹ́jú sáré dìde. "Dókítà, èmi náà ń ṣàìsàn. Ibà ló ń ṣe mí."

Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan tó fi kúbùsù bora gbọ̀n rìrì wọlé. Òun ni ibà ń ṣe. Ó jókòó, wọ́n fún un lóògùn.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," ni Ọlátẹ́jú wí. Òmíràn wọlé, ó di ìbàdí mú. "Iṣẹ́ àṣejù ni." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbé ayùn wọlé, ó ń yán. Gbogbo wọn ní ojú Ọlátẹ́jú, gbogbo wọn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe àwọn lóore. Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n tì í títí tí ó fi kan ògiri, kò sì rí Ìbídùn mọ́, àfi ọwọ́ rẹ̀ tó ń bó ọsàn lókè orí wọn. Ẹ̀rù bà á nígbà náà, ẹ̀rù tòótọ́. Ó rí i pé òun lè purọ́ títí aya òun yóò fi lọ́kọ rẹpẹtẹ, tí òun kò sì ní sí nínú wọn.

Ó gun orí bẹ́ńṣì. "Èmi ni," ni ó wí. "Kò sí Súnmọ́nù kankan. Èmi Ọlátẹ́jú ni ohun ọkùnrin mi ò dìde mọ́. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni mò ń wò. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wọ yàrá. Ìbídùn, ìwọ ni mo fẹ́, ara mi ni kò jẹ́ ìpè."

Ìyẹ̀fun pákó dúró lókè, kò balẹ̀. Ọkùnrin kan lórí bẹ́ńṣì wá ní, "Èmi náà." Ẹlòmíràn ní, "Èmi náà ni o." Ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, títí ó fi kan bàbá Ọlátẹ́jú. Bàbá náà dìde, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Àti èmi." Lájídé ṣí fìlà, ó fi dé orí ẹni tó ni ín.

Àwọn ọ̀rẹ́ náà kò bínú. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n gun ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n sì ń juwọ́. Súnmọ́nù bọ́ agbádá, ó ká a dáadáa kí ó tó gun ọkọ̀ náà. Páálí ṣúgà ya ara rẹ̀ ní ẹnu, gbogbo ènìyàn rí ẹ̀kọ gbígbóná gbà, wọ́n ń fi ṣúgà sí i bó ṣe wù wọ́n. Bàbá Ọlátẹ́jú mu tirẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ wá ìyàwó òun, òun ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Ó ń sáré bó ṣe ń lọ. Ọlátẹ́jú kò rí i kí ó sáré rí láyé.

Ìbídùn ti sọ̀ kalẹ̀. "Obìnrin ni mo rò pé ó jẹ́," ni ó wí. "Mo ti bá obìnrin náà jà lọ́kàn mi títí ó fi rẹ̀ mí. Mo tiẹ̀ ti mọ irú aṣọ tó ń wọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀là ọsàn kan sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ Ọlátẹ́jú, ó gbé ìgò sójú oòrùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì forí jọ, wọ́n ń wò ó. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sùn ní tòótọ́. Ọ̀kan fi pẹ́ńsù káfíńtà há etí, ó ń hanrun.

"Ṣé wọ́n ti kú ni?" ni Ọlátẹ́jú bi í.

"Wọn ò kú. A ó máa jí wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó máa wá, ẹ ó sì máa mú ìyàwó yín dání." Ó fi ìka kan ìgò. Èyí tó há pẹ́ńsù sétí yán, ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ ka orí, ó gbójú sókè wo Ọlátẹ́jú. Ọ̀nà ibo ni kí òun gbà, ni ó ń bi í. Ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí àyà rẹ̀ lè gbà, Ọlátẹ́jú sì fi gbogbo ohùn dá a lóhùn pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀, òun wà níbí. Ohùn ara rẹ̀ ló jí i.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Orí àga ní pálọ̀ ni ó wà, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní yíyà. Ìbídùn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo gbọ́," ni Ìbídùn wí. "Ohùn yín lọ sókè. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́, Bàbá Ìyanu."

Ọlátẹ́jú fẹ́ sọ pé ibà ni, pé ibà máa ń mú ènìyàn sọ ìsọkúsọ. Ó wá wo ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ìbídùn ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó sì ti wé gèlè. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà," ni ó wí.