Ìjà tí Bọ́láwálé Dá Dúró

Lẹ́tà kékeré kan wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Mo ti fín lọ́fínńdà sí i, ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ. Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "Mo gbà, Bọ́láwálé, tìrẹ ni mo máa jẹ́."

Oṣù mẹ́ta ló fi bẹ̀ mí. Tó bá pè mí lórí fóònù, kó tó sọ pé ojú mi dà bí òṣùpá, á kọ́kọ́ ròyìn bí òun ṣe na kọ̀ǹpútà nínú géèmù ìjà tó ń dá gbá nílé wọn ní Òkòtá.

"Kò sẹ́ni tó lè nà mí, Fawziyyah mi. Mo ti dé ibi tó le jù."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti ń ka ìwé ìfẹ́ lábẹ́ tábìlì láti kékeré, ṣé mi ò ní fẹ́ akọni ni? Mo kàn ní màá fojú ara mi rí i kí n tó fún un lésì.

Ilé géèmù Ẹ̀gbọ́n Rùfáì ní Ìsọlọ̀ ló mú mi lọ. Ó ra púfúpúfù lọ́nà, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbójú kúrò. Ìfẹ́ ni.

Ìwé kan wà lára ògiri níbẹ̀: Ẹni tó bá pàdánù, kó dìde. Ẹni tó bá dá ìjà dúró, ó ti pàdánù.

Morọ́lá, tó ń kọ́ṣẹ́ irun lódìkejì títì, ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti lé ẹni mẹ́ta dìde.

"Bọ̀dá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gbá?"

"Má sunkún níwájú ìyàwó mi o," Bọ́láwálé dá a lóhùn.

"Ìyàwó yín kẹ̀? Wọ́n kú oríire."

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọgbọ́n kan ṣoṣo ni Bọ́láwálé ní: ọkùnrin rẹ̀ inú tẹlifíṣọ̀n á fò sókè, á sì fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ bó ṣe ń balẹ̀. Bóyá kọ̀ǹpútà máa ń ṣubú sí i lójoojúmọ́. Ti Morọ́lá kàn lóṣòó, ó fọwọ́ bo ara, ó dúró dè é, ó sì gbé e lulẹ̀. Ti Bọ́láwálé tún fò. Ti Morọ́lá tún gbé e lulẹ̀.

"Ẹ tún fò, Bọ̀dá. Ó ń dùn mọ́ mi."

Òógùn Bọ́láwálé ń kán sórí páàdì tó fi ń gbá géèmù. Ẹ̀mí ọkùnrin rẹ̀ inú tẹlifíṣọ̀n fẹ́ tán, ni gbogbo nǹkan bá dúró gbagidi. Bọ́láwálé ló dá a dúró. Ó ti sọ fún mi rí pé bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ pa òun, òun á dá ìjà dúró, òun á lọ mumi, òun á padà wá. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ dìde," Ẹ̀gbọ́n Rùfáì sọ. "Ó wà lára ògiri."

"Èmi kọ́. Fawziyyah ló fọwọ́ kan páàdì."

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?" Morọ́lá bi mí.

Bọ́láwálé ń ṣẹ́jú sí mi kí n gbà á. Nínú àwọn ìwé tí mo kà, ọmọbìnrin máa ń ru ẹ̀bi nítorí ìfẹ́, mo sì ti sunkún fún wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n páàdì yẹn wà níwájú mi, òróró púfúpúfù ń dán lórí bọ́tìnnì àárín tí wọ́n fi ń dá ìjà dúró.

"Èmi kọ́," mo ní. "Ọwọ́ mi ò kúrò lórí báàgì mi."

Morọ́lá fi ìka méjì gbé páàdì náà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n dín eléyìí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́láwálé tutọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. "Ọmọ onírun lásán. Ọwọ́ ẹ̀ ń rùn."

Níta, ó di ọwọ́ mi mú. "Má dá wọn lóhùn, jàre. Ojú ẹ dà bí òṣùpá. Èsì mi dà?"

Ohùn ti àná, ọ̀rọ̀ ti àná. Ó tún ti fò sókè, ó ń retí kí n ṣubú.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bí awọ ẹran. Mo gba ọwọ́ mi, mo ṣí báàgì, mo yọ lẹ́tà. Ojú rẹ̀ tàn. Mo fi ìwé náà nu ọwọ́ mi, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì, títí òróró fi tán. Lẹ́yìn náà mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Òṣòdì.