Ẹ Kú Oríire, Rosalind

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yan àwọn ikọ̀ Ọbabìnrin ní London, wọn kì í lé obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Wọ́n á kí i kú oríire ni. Òfin ní kí obìnrin tó bá fẹ́ lọ́kọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Obìnrin náà ni yóò sọ pé òun ń lọ, àwọn ọ̀gá á wá ṣojú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá lójijì, wọ́n á bu ọtí fún un, ó parí. Ìwà ìkà tó wọ kóòtù tó de táì ni.

Rosalind Thackray mọ àṣà yìí bí ẹní mowó. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Sà Denzil Crowhurst, pè é wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1970.

"Rosalind, ẹ kú oríire o."

Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, "o" ni ọkùnrin yìí máa ń bá a sọ. Ọjọ́ tó bá yí i sí "ẹ", ewu ń bẹ.

"Oríire kí ni, sà?"

"Hugh ti sọ fún wa. Ọmọ gidi ni."

Hugh Penhallow ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti jọ pinnu pé àwọn ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni títí Rosalind yóò fi dé Budapest, olú ìlú Họ́ngárì. Igbákejì ikọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe níbẹ̀, kò sì tíì sí obìnrin tó débẹ̀ rí. Nítorí ipò yẹn ló ṣe kọ́ èdè Họ́ngárì lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní àdúgbò Paddington, títí ó fi ń fi èdè náà lálàá.

"Budapest ńkọ́, sà?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ ṣì máa débẹ̀." Crowhurst da tíì sínú ife fún un. "Hugh la fún. Ẹ̀yin lẹ máa gba àlejò fún un, ẹ̀ẹ́ sì máa bá a túmọ̀. Ẹ ò rí i pé ó ṣe rẹ́gí?"

Rosalind ti ife náà sẹ́yìn. "Ṣé ẹ ń lé mi ni?"

"Èèwọ̀! Ta ló lé yín? A kàn ń retí pé ẹ máa… ẹ ṣáà mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Crowhurst kọjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú ọgbà.

Rosalind sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Hugh. Agbòjò wà lọ́wọ́ ìyẹn, ó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán.

"Ìwọ lo lọ sọ fún wọn?"

"Rosie, wọ́n bi mí ni."

"Wọ́n bi ọ́, àbí o lọ bá wọn?"

Hugh wolẹ̀. "Tí mi ò bá gbà á, ẹlòmíì á gbà á. Ṣé kò sàn kó wà nínú ilé wa?"

"Kí lo gbọ́ nínú èdè Họ́ngárì?"

"Ìwọ lo máa gbọ́ ọ fún mi."

"Èmi á gbọ́ èdè, èmi á tẹ́ tábìlì, ìwọ ni wọ́n á máa kí!"

"Má pariwo, olólùfẹ́ mi. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

Èyí tó dun Rosalind jù nìyẹn. Ọkùnrin yìí ti jí iṣẹ́ rẹ̀ kó, ariwo ló ń tì í lójú. Rosalind sì fẹ́ràn rẹ̀ o, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó bọ́ òrùka tí Hugh fi sí i lọ́wọ́.

"Gba nǹkan ẹ."

Kò kan ilẹ̀kùn Crowhurst kó tó wọlé.

"Kò sí ìgbéyàwó mọ́."

"Áà. A bá yín kẹ́dùn."

"Ẹ má bá mi kẹ́dùn! Obìnrin tó lọ́kọ ni òfin ní kó lọ. Èmi ò lọ́kọ."

"Ṣùgbọ́n Hugh ti…"

"Èèyàn méjì lẹ fẹ́ rán, owó oṣù ẹnì kan lẹ fẹ́ san. Ẹ rán Hugh nìkan lọ wàyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi èdè Họ́ngárì sọ fún un létí pé ogun ń bọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i."

Crowhurst pọ́nnu lá. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n dá ipò náà padà fún Rosalind, kò sì sẹ́ni tó kí i kú oríire.

Níbi oúnjẹ alẹ́ àkọ́kọ́ tó lọ ní Budapest, ìyàwó mínísítà kan tẹ̀ sí i lára, ó fi èdè wọn bi í pé, "Ọkọ yín dà?"

Rosalind fi ṣíbí ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀.

"Ó wà ní London. Òun ni mo fi san owó àga tí mo jókòó lé yìí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń na tábìlì. Mínísítà nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ gbọ́ ọ," ó ní, "ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe dùn lẹ́nu obìnrin yìí!"