Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Ṣítù

"Tí mo bá tú u, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè dè é padà," Ṣàíbù, alátùn-ún-ṣe kẹ̀kẹ́, wí. Ó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó náà. "Ojú rẹ̀ ti jẹ tán. Irú rẹ̀ ò sì sí ní gbogbo Èkó, àfi bí ọkọ̀ òkun bá gbé e dé. Ibi tí mo bá dè é sí, ibẹ̀ náà ni yóò wà."

Mùktárù ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí láti Muṣin dé Yába láti fi dánra wò fún eré ìje kan, orúnkún náà ò sì jẹ́ kó gbádùn. Ọkùnrin gíga ló jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣètò fún ọkùnrin kúkúrú. Tó bá ń wà á, orúnkún a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ará Muṣin, tí kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú, ti sọ ọ́ ní Tata.

Ọjọ́ Sátidé ni eré ìje náà, lọ́dún 1934. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìjorà ló ṣètò rẹ̀, ẹni mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé ni wọn yóò gbà síṣẹ́ láti máa pín lẹ́tà. Oṣù kẹrin rèé tí Mùktárù ò níṣẹ́, oyún Fàósátù ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Oúnjẹ Ṣítù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ṣítù náà ló ni kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, òun ló sì ń gùn lọ sí Ìjorà, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, nítorí làkúrègbé ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

"Bí o bá gbé e sókè, ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ò ní tó pẹ́dàlì mọ́," Ṣàíbù wí.

"Mo mọ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò tilẹ̀ tíì sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó náà létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé yóò gbà, ojú sì ń tì í.

Àfi bí Ṣítù ṣe yọ sí wọn láti mọ́ṣáláṣí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Jókòó lé e," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dáa bó ṣe wà."

"Mo ní kó o jókòó. Ṣàíbù, bá a di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì ìsàlẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yìí nà tán. Ó ká bíi ti ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná. Báyìí lo ṣe fẹ́ bá àwọn ọmọ Yába díje? Ṣàíbù, tú u."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún un pé nọ́ọ̀tì yìí—"

"Mo gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà. Tú u."

Ṣítù fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjókòó náà sókè díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ fi nà tán. Ó tì í síwájú ní ìwọ̀n ìka kan, ó sì ní kó fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì. Orúnkún wá ká níwọ̀nba. "Dè é." Nọ́ọ̀tì náà ké, ó sì dúró.

Mùktárù gùn ún dé ìkóríta, ó sì yí padà. Orúnkún ò dùn ún, kẹ̀kẹ́ ń lọ geerege. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tún tì í pé inú òun dùn. Nígbà tó fi dé, Ṣítù ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nínú yanrìn.

Ó lé e bá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó sórí irin níwájú mi."

Ṣítù wo irin náà. Ọmọdé ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, òun sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn tó wà lójúde ń wò wọ́n.

"Ìjorà ni iṣẹ́ tí ò ń wá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìjorà ni tèmi náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Màá máa gbé yín lọ láràárọ̀."

"Bí o ò bá gba iṣẹ́ náà ńkọ́?"

"Màá ṣì máa gbé yín lọ."

Ṣítù ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó di èjìká àbúrò rẹ̀ mú, ó sì jókòó sórí irin náà lójú gbogbo àdúgbò.