Àwọn Wo Ni "Wọ́n"?

Èrò kún ìsọ̀ ọṣẹ Àlàájà Àsíátù ní Cow Lane, nílùú Accra, fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí ojú Fáòsíà, ọmọ Àlàájà, ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọkùnrin kan tó ń wáṣẹ́. Lójú Fáòsíà, àfi bíi pé ọjà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọṣẹ dúdú ló nà sí ẹni tó ní funfun lòun fẹ́.

Àlàájà gba ọmọkùnrin náà, Mùbárákù, pé kó máa fi abóbóyàà, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbé ọṣẹ fún oníbàárà. Láti ìgbà náà ni oorun ti kọ Fáòsíà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Mùbárákù lórí fóònù. "Wọ́n ní kí o gbé ọṣẹ lọ sí Nima." Ìyá rẹ̀ tó pàṣẹ ló ń bọ̀wọ̀ fún. Kò pẹ́ ni Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n Fáòsíà, ní Jamestown ni kí ẹrù náà lọ. Fáòsíà tún pè. "Wọ́n ní Jamestown o!"

Ìyá tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gã ló tọ́ Mùbárákù dàgbà; kò mọ̀ pé àgbà kan ṣoṣo lè jẹ́ "wọ́n". Ó rò pé gbogbo wọn ló jùmọ̀ yí èrò padà, lòun náà bá yí kẹ̀kẹ́ padà. Oníbàárà Nima dúró títí, ó wábi gbà.

Àlàájà gbaná jẹ. "Kó máa lọ! Aláìgbọràn!"

"Màámi, 'wọ́n' wo ni kó gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ni Fáòsíà bèèrè.

Bùràímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Fáòsí, kẹ̀kẹ́ lò ń gbèjà ni, àbí ẹni tó ń wà á?"

Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Ẹni tó ń jẹ́ ìpè ọ̀gá méjì, dandan ni kó ṣi ọ̀kan jẹ́. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo fún un, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà."

"Ó dáa," ni Àlàájà wí. "Ṣé kí n fi ọ́ ṣe ọ̀gá rẹ̀?"

Fáòsíà rò ó wò. Kó máa pàṣẹ fún un! Kó máa bá a wí! Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ìbínú ẹni, ìgbà wo ni yóò sọ̀rọ̀ ìfẹ́?

"Rárá, Màámi. Bọ̀dá Bùràímọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Àlàájà wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti gbọ́ èyí tí o ò sọ." Ó ní kí Fáòsíà kọ lẹ́tà náà, ó sì buwọ́ lù ú.

Fáòsíà dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún jáde. Mùbárákù jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Chalé, ọ̀rẹ́ mi, ṣé wọ́n ti lé mi?"

"Màámi ní kí o dúró. Bọ̀dá Bùràímọ̀ nìkan ni ọ̀gá rẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹ."

Ó na lẹ́tà náà sí i. Mùbárákù gbà á.