Ilẹ̀kùn Tí Làsísì Ní Kí Wọ́n Ṣí

Nígbà yẹn, Tìjání ọkọ Fatimah ṣì wà láyé, ó ṣì máa ń jókòó síwájú ilé wọn ní Agége, á máa bú àwọn ọlọ́kadà. Ìyá tó bí Fatimah ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Làsísì, ẹ̀gbọ́n Fatimah, náà wà, òun sì ni alága ẹgbẹ́ wẹ́dà.

Ishaq, ọmọ Fatimah, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Àgídìngbì. Òun ló bá àwọn wẹ́dà ṣe owó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa fi dájọ. Ajórin ni wọ́n sọ owó náà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Làsísì: Ishaq, ìyá ẹ̀, àti Làsísì.

"Bàbá," Ishaq sọ fún Làsísì, "ilẹ̀kùn méjì ni kọ̀ǹpútà yìí ní. Pọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà àwọn tó kù máa gbà wọlé wá bá tiwa, mo ti ṣí i. Èkejì la fi ń pàṣẹ fún àpò owó. Ìyẹn ò gbọdọ̀ ṣí síta."

"Kí lo fẹ́ fi pamọ́?" Làsísì bi í. "Àpótí àjọ wa, ìta gbangba la ti ń ṣí i. A kì í dé e títí ẹni tó gbẹ̀yìn á fi relé. Àbí o ti di gómìnà báńkì ni?"

"Bàbá, gbogbo ayé ló máa rọ́nà wọ ibẹ̀."

"Kí gbogbo ayé wá wò ó. Ṣí i."

Ishaq wojú ìyá ẹ̀. Fatimah mirí sí i pé kó ṣe bí àgbà ṣe wí. Ó ṣí i.

Ọjọ́ kẹta, àpò ti gbẹ. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti gba ilẹ̀kùn kejì wọlé, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn wẹ́dà ní Ishaq ló jí i. Ọ́fíìsì ẹ̀ gbọ́, wọ́n ní kó máa lọ.

Fatimah lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kó ṣí i. Èmi ìyá ẹ̀, wọn ò ní gbà mí gbọ́."

"Tí mo bá sọ ọ́, ta ló máa tún pè mí ní alága?"

"Ọmọ mi ni wọ́n ń pè lólè, ẹ̀gbọ́n mi."

Làsísì ń fi ìka ha etí tábìlì. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

Jímọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kírun tán, ó ti lọ sílé. Èkejì, ọ̀fun ń dùn ún. Ishaq ò jáde mọ́, kódà kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Nígbà tó ku ọ̀la kí Jímọ̀ kẹta pé, Fatimah lọ rán Làsísì létí. Bàtà ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ti bá a láàárọ̀.

Wọ́n sin ín kí ìrun àsárì tó tó. Ishaq sáré dé, ó nawọ́ kó báwọn gbé òkú. Wẹ́dà kan rọra mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Fatimah rí i, ó lanu, ó tún pa á dé. Ọjọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí Làsísì kú.