Fìlà Arẹwà Lórí Èèkàn

Kànga tí mò ń sọ yìí jìn. Bí ẹ bá ju ọmọ ewúrẹ́ sínú rẹ̀, yóò ti dàgbà, yóò ti lóyún, yóò ti bí ìbejì kó tó kan ilẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí ẹ̀rín rín.

Mẹ́ta ni wá nídìí iṣẹ́ kànga gbígbẹ́. Ọ̀gá wa nìyí, ọkùnrin tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ṣọ́bìrì. Bó bá bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, egungun ọwọ́ rẹ á máa bi ara wọn pé ta ló kù. Arẹwà ni èkejì. Dígí a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó padà wá wo òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ayékòótọ́ ni wọ́n ń pè mí, nítorí kò sí ohùn ènìyàn tí mi ò lè sín jẹ. Mo ti fi ohùn Ọ̀gá fún ara mi ní ìsinmi rí, tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì rò pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá wọ kànga, fìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí èèkàn tó wà létí ihò. Òkùnkùn ìsàlẹ̀ ṣú bí inú ìkòkò, ojú ò lè dá ènìyàn mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá dé, èèkàn ló máa wò. Fìlà ta ló wà níbẹ̀? Òun ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Arẹwà ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó jáde, ó bá mi di okùn mú títí mo fi sọ̀ kalẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó lọ ra búrẹ́dì. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ lórí èèkàn. Èmi náà ti rí i kí n tó wọlé, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, mo ki tèmi bọ àpò. Mo fẹ́ fi Ọ̀gá ṣeré ni. Ọ̀gá ò tíì dé, èyí sì yà mí lẹ́nu, nítorí ọkùnrin yẹn a máa jí oòrùn lójú oorun.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè.

"Arẹwà!"

Mo mú ohùn Arẹwà, mo fi oyin sí i. "Ọ̀gá mi! Ọkọ àwọn ọ̀gá!"

"Ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni, sà. Ayékòótọ́ ti lọ wá nǹkan jẹ, ọ̀lẹ ọmọ."

Mo fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ jáde. Ohun tí mo gbọ́ ni gbìrì, gbìrì, gbìrì. Iyanrìn dà sí mi lójú. Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run tó fẹ̀ bí ọpọ́n tẹ́lẹ̀ ti di ìlàjì.

Ríìngì kọnkéré ni, èyí tí a máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kí ògiri rẹ̀ má baà ya. Ọkùnrin méjì la fi ń yí i, wọn a sì máa mí bí ẹṣin. Ó ti wà létí ihò báyìí, ó ń wò mí.

"Arẹwà, mo tètè délé lánàá," ni Ọ̀gá wí. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ara ì bá tù mí. "Bàtà rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo rà á fún ẹ. Mo dúró lójú fèrèsé, mo gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn. Mi ò wọlé. Mo ń rìn kiri títí ilẹ̀ fi mọ́."

Irun imú mi hewú lójú ẹsẹ̀. Àyà mi ń lù débi pé omi tó wà ní kókósẹ̀ mi ń ru bí òkun.

"Ọ̀gá! Ayékòótọ́ ni o! Ayékòótọ́ ni!"

"Ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Ó ti kọ́ iṣẹ́ Ayékòótọ́."

"Mo fi ìyá mi búra, sà!"

"Fìlà ta ló wà lórí èèkàn?"

"Ti Arẹwà ni, ṣùgbọ́n…"

"Ta lo ní ìwọ ni nígbà tí mo pè ẹ́?"

"Mo ń ṣeré ni!"

"Èmi ò ṣeré," ó wí. Ríìngì náà tún sún díẹ̀, òkúta kékeré kan já bọ́, ó gbá mi léjìká.

Mo pariwo ní ohùn ara mi, àṣé ohùn ara mi gan-an ni mi ò mọ̀ dáadáa. Gbogbo ohùn tí mo ti yá lò láyé ni wọ́n ń ti ara wọn lọ́nà ọ̀fun mi. Bí mo bá ké, ó jọ Arẹwà. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, ó tún jọ Arẹwà tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ló gbà mí. Gbogbo ayé ló mọ bàtà òjò mi, ọ̀kan dúdú, ìkejì pupa bí ata. Mo bọ́ ti pupa, mo jù ú sínú garawa tí a fi ń fa erùpẹ̀ sókè, mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín wa, ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí "fà á." Inú Ọ̀gá ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ́ kànga láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ọwọ́ ò dúró gbàṣẹ. Garawa gbéra.

Mo dúró. Mo dàgbà. Mo darúgbó níbẹ̀.

"Ayékòótọ́?" Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ti ọmọdé.

"Èmi ni, sà."

Mo gbọ́ bó ṣe wó jókòó. "Ó kù díẹ̀ kí n tì í."

"Mo rí i, sà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà."

Ó wá ní, "Máa bọ̀ lókè. Tí Arẹwà bá dé, kó wọlé."

Ẹ̀rù tó bà mí lásìkò yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

"Mi ò bọ̀, sà."

"Kí lo wí?"

"Bí mo bá jáde, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Mi ò bọ̀."

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé o gbọ́ ohun tó fojú mi rí?"

"Mo gbọ́, sà. Ó burú kọjá burúkú. Ẹ lé e. Ẹ pe ẹbí jọ. Ẹ kọ ìyàwó, tàbí kẹ́ ẹ bi í ní ohun tó ń dùn ún. Ẹ tutọ́ sí i lójú, èmi náà á bá yín tu díẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú kọ́. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa dá, èmi tí mi ò jẹ tí mi ò mu ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lù."

"Àṣìṣe nìyẹn."

"Tòun náà á jẹ́ àṣìṣe, sà. Kò kàn ní rí bàtà fi ránṣẹ́ ni."

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ìfé. Arẹwà ń súfèé bọ̀ lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù, bí ẹni tí ayé ò jẹ ní gbèsè kankan.

Ọ̀gá dìde. "Gòkè," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ayékòótọ́, gòkè báyìí."

Mo wá ohùn Ọ̀gá nínú ara mi, mo rí i, mo fi gbogbo ẹ̀mí tó kù fún mi gbé e sókè.

"Arẹwà! Dúró níbẹ̀! Mo rí bàtà rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Máa lọ! Má jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ níbí mọ́. Sá!"

Ìfé dá. Nǹkan kan jábọ́, ó dún pẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, pàtàpàtàpàtà, títí mi ò fi gbọ́ mọ́.

Mo ń retí pé Ọ̀gá máa lé e. Mo ń retí ríìngì pẹ̀lú. Èyí tó dé ni ẹkún, ẹkún àgbàlagbà, tó ń ró wúù bọ̀ nínú kànga bí ẹni pé èmi ni mò ń sun ún. Nígbà tó ṣe, garawa sọ̀ kalẹ̀. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò mì. Mo tún fà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá le. Mo ń ti ẹsẹ̀ bọ ihò àtẹ̀gùn ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú bàtà, ẹsẹ̀ kan láìsí, mi ò sì mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń rò.

Mo fa ara mi gba àlàfo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì. Ọ̀gá na bàtà pupa sí mi.

"Ohùn mi lo jí yẹn."

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi ì bá má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá yín sọ ọ́."

Ó yọ fìlà Arẹwà lórí èèkàn, ó wò ó, ó jù ú sórí òkìtì. Àwa méjèèjì bá dojú kọ ríìngì, kí a lè yí i kúrò. A tì í, kò mì. A tún tì í, a ń mí hẹlẹhẹlẹ, iṣan ọrùn wa yọ bí okùn. Títí dòní ni mò ń bi ara mi bí òun nìkan ṣe yí i débẹ̀.